Ládípọ̀, Akọka àbí ìlú ọba tààrà: èwo lẹ máa mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ di injínnía ọkọ̀ eré ìje?

Ìyá kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ wọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó JAMB, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé iṣẹ́ injínnía ọkọ̀ eré ìje lòun fẹ́ ṣe, àwọn mọ́tò Formula 1 tó máa ń wò lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé yẹn. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé fásitì wà ní ìlú ọba tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an, orúkọ iṣẹ́ náà ló máa wà lára sàtífíkéètì, pé kí wọ́n ta ilẹ̀ tí wọ́n rà sí Ìkòròdú kí wọ́n fi rán ọmọ lọ. Wọ́n wá bá mi nílé, wọ́n ní "Injínnía, ìwọ lo mọ ìdí nǹkan yìí, ṣé kí n tà á?"

Mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ téèyàn fi owó àjọ ọdún mélòó kan rà, ta ló máa jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó ní kí wọ́n tà á. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan, mo wá kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, torí èmi náà ti rìn díẹ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí mo sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń kọ. Ohun tí mo kọ fún wọn lẹ ń kà yìí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ sí i ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sọ

Injínnía ọkọ̀ eré ìje kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo o. Ẹni tó ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ létí nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ wà, bíi Peter Bonnington tó bá Lewis Hamilton ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Mercedes. Ẹni tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni tiẹ̀ wà, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba orí ọkọ̀ àti abẹ́ ẹ̀ kọjá tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ (tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn lọkọ̀ yẹn ṣe lè fi eré burúkú gba kọ́nà tí dánfó máa dojú dé sí). Ẹni tó ń ka dátà wà, ẹlẹ́ńjìnnì wà, oníbátìrì wà, ẹni tó ń ṣírò ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ wọlé wá pààrọ̀ táyà náà wà. Àwọn tẹ́ ẹ ń rí tí wọ́n ń pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta yẹn, mẹkáníìkì ni wọ́n, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀, ó sì níyì láàyè ara ẹ̀.

Ẹ wá wo ibi táwọn tó lórúkọ níbẹ̀ ti wá. Adrian Newey tó ya ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló kà ní Southampton, ó parí ní 1980. Hannah Schmitz tó ń ṣètò ọgbọ́n eré fún Red Bull, mechanical ló kà ní Cambridge. Stephanie Travers tí wọ́n bí ní Zimbabwe, chemical ló kà, epo àti ọ́ìlì Petronas ló ń yẹ̀ wò fún Mercedes létí pápá nígbà náà, nígbà tó di July 2020 ní Austria òun àti Hamilton jọ dúró lórí pèpéle ẹ̀yẹ. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ eré ìje wà lórúkọ dìgírì tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí fún ìyá yẹn kó tó di pé mo sọ ohunkóhun nípa owó, torí orúkọ tó wà lára sàtífíkéètì yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ ta ilẹ̀.

Akọka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ọba tààrà

Èyí ni ìfiwéra tó ṣòro jù, torí náà ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní ìlú ọba, àwọn fásitì bíi Oxford Brookes ní dìgírì tó jẹ́ motorsport engineering pọ́ńbélé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ síwájú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ WAEC nìkan ló ní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ máa ní kó kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ kan ná, ó ti di mẹ́rin nìyẹn, tó bá tún wá fi ọdún kan ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ láàárín ẹ̀ (kò sì gbọ́dọ̀ má ṣe é, mo máa sọ ìdí ẹ̀) ó di márùn-ún. Mechanical ní UNILAG, l'Akọka níbí, ọdún márùn-ún náà ni. Ẹ wò ó dáadáa, ìyàtọ̀ ọdún tí wọ́n ń fi tan èèyàn yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Àfi ìyanṣẹ́lódì. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ní 2022, February ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ti ọdún yẹn, October ló tó parí, ọmọ tó wà ní 300 level wà ní 300 level bẹ́ẹ̀ títí, ọdún márùn-ún lè di mẹ́fà tàbí méje, ẹ tún fi ọdún kan NYSC lé e. Ẹni tó bá ń ṣírò ọjọ́ orí, kó ṣírò ìyẹn mọ́ ọn.

Owó wá ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Àjèjì tó ń ka injínnía ní ìlú ọba, owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀ nìkan ṣọ̀wọ́n kó wálẹ̀ ju £15,000 lọ lọ́dún, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà jẹ́ £776 fún ọdún kan, gbogbo ọdún lẹ máa san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí físà tó jáde. Owó tẹ́ ẹ máa fi hàn ní báǹkì gbọ́dọ̀ ti sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko, kò gbọ́dọ̀ dín nígbà kankan láàárín ẹ̀, mo mọ ẹni tí wọ́n já físà ẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó yọ owó díẹ̀ sanwó ilé lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Ọmọ lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó yẹn kún owó ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìṣirò yín, owó oúnjẹ àti mọ́tò ló máa tó.

Kí ni wọ́n wá ní lóhùn-ún tá ò ní níbí? Méjì ni. Èkíní ni Formula Student, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ti ń ya ọkọ̀ kékeré oníjókòó kan, wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n ń gbé e lọ figagbága. Máàkì 1,000 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ máa rò pé eré sísá ló máa kó gbogbo máàkì lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí ọkọ̀ tó yí táyà rárá, àlàyé bí ẹ ṣe yà á jẹ́ 150, ìṣirò iye tó ná yín jẹ́ 100, àlàyé ọ̀rọ̀ ajé jẹ́ 75. Eré àsápẹ́ tó gùn bíi kìlómítà 22 ni máàkì tiẹ̀ pọ̀ jù, torí ọkọ̀ tó yára tó sì kú sójú ọ̀nà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ti gba inú ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì mọ̀ pé kéèyàn mọ nǹkan ṣe àti kéèyàn mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, iṣẹ́ kan náà ni.

Èkejì ni ọdún iṣẹ́ yẹn. Àwọn tíìmù Formula 1 máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fún oṣù méjìlá kí wọ́n tó padà lọ parí dìgírì wọn. Ẹni tó bá ríbẹ̀ wọ̀, ó ti fẹsẹ̀ kan wọlé. Ìyẹn ni ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ ìlú ọba tààrà, ìyókù omi ọbẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá máa san owó yẹn tọ́mọ ò wá ní wá ọdún iṣẹ́ yẹn lójú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó dúró sílé.

Níbí ńkọ́? Físíìsì tí wọ́n ń kọ́ ní Akọka náà ni wọ́n ń kọ́ ní Oxford. Ohun tó ń dùn mí ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó yẹ kọ́mọ fọwọ́ kàn, ojú lásán ló fi ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG ti ya ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Shell Eco-marathon. Ìdíje yẹn ti pẹ́, àríyànjiyàn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Shell kan ní Illinois ní 1939 ló ti bẹ̀rẹ̀, ta ni ọkọ̀ ẹ̀ máa fi epo díẹ̀ rin jìnnà jù. Kì í ṣe eré ìje, ẹni tó bá fi agbára tó kéré jù rìn jìnnà jù ló ń gbà á. Àwọn kan á ní kí ló kan Formula 1 níbẹ̀. Ó kàn án gan-an! Kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí táyà má fi agbára ṣòfò, kí afẹ́fẹ́ má dá a dúró, ohun kan náà tí injínnía Formula 1 ń fi òru ronú lé lórí nìyẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Akọka, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá wọlé ni kó ti lọ wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má dúró de 400 level, kódà tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó máa gbá.

SIWES náà wà, ìgbà tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mechanical. Mo ti rí àwọn ọmọ tó fi oṣù mẹ́fà yẹn jókòó sí ọ́fíìsì tútù ní Victoria Island, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, torí pé ibẹ̀ ń sanwó. Ó dùn mí fún wọn. Ibi tí ẹ̀rọ wà ni kẹ́ ẹ lọ, tí wọn ò bá tiẹ̀ fún yín ju owó mọ́tò lọ.

Ládípọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yabatech

Bọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi, ní ṣọ́ọ̀bù ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Mùṣín. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, gbogbo họlidé ni wọ́n ń fi mí ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n máa ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lásán, wọ́n á ní "plọ́ọ̀gì kẹta ti kú", tá a bá tú u, plọ́ọ̀gì kẹta náà ni. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ látinú kọ̀ǹténà láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sọ fún ẹ bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ìmọ̀ yẹn, kò sí fásitì tó máa kọ́ ẹ. Mo pàdé àwọn ọmọ òyìnbó nígbà tí mo ń ṣe máàsítà tí wọ́n gba A nínú ìṣirò tí wọn ò sì tú gíà bọ́ọ̀sì rí láyé wọn, èmi ni wọ́n máa ń pè.

Ṣùgbọ́n Ládípọ̀ kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ bi ọ̀gá pé báwo ni wọ́n ṣe ń de bóòtù le tó, wọ́n á ní títí ọwọ́ á fi gbà á. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìyẹn ò sí níbẹ̀. Níbi eré ìje, ohun tí ò bá ní nọ́ńbà, wọ́n gbà pé kò ṣẹlẹ̀. Èèyàn lè kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́rin kó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì, kó máà ní bébà kan tó máa fi han ẹni tí kò rí i lójú.

Òfin físà náà tún ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Láti July 2025, iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti ìpele dìgírì ni ìlú ọba fi ń gba òṣìṣẹ́ tuntun látòkèèrè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní dìgírì, tó ń rò pé òun máa ti Mùṣín bọ́ sí garéèjì Formula 1, ọ̀nà yẹn ti há gan-an báyìí. Nílẹ̀ Áfíríkà fúnra wa, Safari Rally ní Kenya ti wà láti 1953, ó sì padà sínú ìdíje àgbáyé ní 2021, irú ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò fún ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán ló ní, torí ọkọ̀ rally, inú ẹrẹ̀ àti eruku ni wọ́n ti ń tún un ṣe, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe láìsí ohun èèlò pípé ni wọ́n ń wá.

Yabatech, pólì tó wà ní Yábàá, wà láàárín Ládípọ̀ àti fásitì. ND ọdún méjì, ọdún kan níbi iṣẹ́, HND ọdún méjì, ọmọ pólì máa ń mọ ẹ̀rọ lathe tí wọ́n fi ń gé irin àti iṣẹ́ wẹ́dà ju ọmọ fásitì lọ, mo sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ibi tó ti máa ń dí wọn lọ́wọ́ ni tí wọ́n bá fẹ́ lọ ṣe máàsítà lókè òkun, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ máa ní kí wọ́n lọ ṣe PGD tàbí ọdún kan láti sọ HND di dìgírì ná. Tí JAMB bá gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀, ẹ má sunkún, ẹ kàn fi owó àti ọdún yẹn sínú ètò.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, Ládípọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ kó dá dúró, àmọ́ kò sí ọ̀nà tó pé láìsí i. Ọjọ́ Sátidé ni. Họlidé ni. Ìyanṣẹ́lódì ni. Oṣù mẹ́jọ 2022 yẹn, àwọn kan lo gbogbo ẹ̀ nílé, àwọn kan jáde níbẹ̀ wọ́n ti lè tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sì tò ó padà.

Máàsítà: ìlú ọba àbí Jámánì

Ẹni tó bá ti gba dìgírì níbí, ibi tó ti máa yà nìyí.

Ìlú ọba, ọdún kan péré. Cranfield ní Advanced Motorsport Engineering, wọn kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dìgírì rárá, oníwèé gíga nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi tó dùn sí ni pé àwọn tíìmù wà ní tòsí ara wọn bíi ìsọ̀ aṣọ ní Bàlógun: Mercedes ní Brackley, Red Bull ní Milton Keynes, Aston Martin ní Silverstone, Williams ní Grove, Alpine ní Enstone, McLaren lápá gúúsù díẹ̀ ní Woking. Kì í ṣe àwọn ńlá yìí nìkan o, àwọn tíìmù kéékèèké tó ń sá Formula 4 àti GT lópin ọ̀sẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń wá ẹni tó máa bá wọn ti táyà tó sì máa ka dátà. Ẹnu ọ̀nà àwọn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ kàn.

Ibi tó korò: ọdún kan yẹn kúrú. September lẹ dé, ẹ ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta gaàrí, àwọn yòókù ti ń fi ìwé ránṣẹ́ síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ní ọdún méjì láti fi wáṣẹ́, ẹni tó bá bèèrè fún un láti January 2027, oṣù 18 ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ nílò iléeṣẹ́ tó máa gba físà òṣìṣẹ́ fún yín, owó oṣù ọdún kan tó kéré jù tí ìjọba ní kí iléeṣẹ́ náà san láti July 2025 sì jẹ́ £41,700, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ní ìyàwó tàbí ọkọ, kò sí gbígbé wọn dání mọ́ fún irú máàsítà yìí láti January 2024.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ti Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìlú ọba ń fún àjèjì, torí ibí ni mo ti rí i táwọn èèyàn ń ṣì í jù. Ó ń san gbogbo owó, ilé-ẹ̀kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ. Ó ń bèèrè iṣẹ́ wákàtí 2,800, ìyẹn bí ọdún méjì, kẹ́ ẹ tó lè bèèrè fún un. Ṣùgbọ́n ó tún ní kẹ́ ẹ padà sílé kẹ́ ẹ lo ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Ọdún méjì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín fi ń wáṣẹ́ ní Silverstone, Èkó lẹ máa wà. Kì í ṣe pé ó burú, ọ̀fẹ́ lówó ni, àmọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ wà nínú garéèjì Formula 1 nìkan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa fúngbà díẹ̀ tó bá gbà á.

Jámánì wá. Ọdún méjì ni máàsítà wọn. Ọ̀pọ̀ fásitì ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àjèjì, àfi Baden-Württemberg tí Stuttgart wà, €1,500 ni wọ́n ń gbà ní sẹ̀mẹ́sítà kan, TU Munich náà sì ti ń gbowó báyìí. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ni owó oúnjẹ ọdún kan nínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa, €11,904 ni wọ́n fi sí láti 2024, €992 lẹ ó máa yọ lóṣù. Owó yín náà ni, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni, ẹ máa jẹ ẹ́ ni. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ọba kẹ́ ẹ wò ó.

Formula Student ti Jámánì ń wáyé ní Hockenheim láti 2006, àwọn tíìmù fásitì wọn sì le gan-an. Ọdún méjì tó gùn yẹn ló jẹ́ kó dáa: ọdún àkọ́kọ́ ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọdún kejì ẹ ti lè di ẹni tí wọ́n fi apá kan ọkọ̀ sí lábẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀, oṣù 18 ni wọ́n fún yín wáṣẹ́. Kì í ṣe Formula 1 nìkan ló wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ eré ìje Toyota wà ní Köln, Audi ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní Neuburg.

Ìṣòro ibẹ̀ ni èdè. Wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yín ní kíláàsì, nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù lálẹ́ tí gbogbo èèyàn ti rẹ̀, èdè Jámánì ni wọ́n máa sọ, ẹni tí kò gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa dúró sí. Goethe-Institut wà l'Ékòó níbí, àti 300 level ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ara mi, tí mo sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́mọ ọdún 22, Jámánì ni mo máa lọ. Ìlú ọba ni mo lọ nígbà tèmi, ẹnikẹ́ni ò sọ ìyókù fún mi.

Ọ̀nà orí láptọ́ọ̀pù

Èyí ò pọ̀ lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. MoTeC i2 tí ọ̀pọ̀ tíìmù fi ń ka dátà ọkọ̀, ọ̀fẹ́ lẹ lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù. Gémù Assetto Corsa Competizione máa ń kọ dátà sílẹ̀ lọ́nà tí MoTeC lè kà, ẹ sá eré kan, ẹ ṣí i, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti tẹ bírékì pẹ́ jù. FastF1 wà fún ẹni tó mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó ń kó àkókò àti ìsáré àwọn ọkọ̀ Formula 1 gidi wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. OpenFOAM wà fún ìṣirò afẹ́fẹ́, ọ̀fẹ́ náà ni, ó kàn le. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village tó bá ní RAM tó dáa lè gbé díẹ̀ nínú ẹ̀, iná ló kù. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí nìkan láìfọwọ́ kan irin, wọ́n máa mọ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí mo ń ṣe máàsítà, tíìmù kan pè mí lórí fídíò. Wọ́n bi mí nípa ọkọ̀ tá a kọ́ nígbà tí mo wà nílé, pé apá wo ni èmi fúnra mi ṣe. Mo ní a ṣe férémù, a ṣe bírékì, a gbé e lọ. Wọ́n tún bi mí. Mo tún ní "a". Wọn ò gbà mí. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọmọ tó bá ń wí pé èmi, èmi, èmi ṣáá, agbéraga ni, ohun tẹ́ ẹ bá jọ ṣe, "a" lẹ máa wí. Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ṣe ibi tí pẹ́dà bírékì yẹn dúró lé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé e. Ti àkọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tẹ́nì kan fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo lo irin tó nípọn fún ìkejì, ó wúwo jù, ẹ̀kẹta ni mo padà sí irin tó fẹ́lẹ́ tí mo sì fi irin kékeré tì í lábẹ́, kò sì yẹ̀ mọ́. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, mo sì gbé e mì. Ẹ ya fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó bàjẹ́ pàápàá, ẹ wọn ìwúwo ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹ kọ "mo".

Tí kò bá wá bọ́ sí i ńkọ́?

Ó yẹ kí òbí bèèrè èyí, kò túmọ̀ sí pé wọn ò nígbàgbọ́ nínú ọmọ. Ẹni tó bá mú dìgírì mechanical bọ̀ wálé, COREN, àjọ tó ń forúkọ injínnía sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n, iléeṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ mọ̀ ọ́n, iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mú dìgírì eré ìje bọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí kò ní pápá kan ṣoṣo tí Formula 1 lè sá, ó máa pẹ́ lórí àga kó tó ṣàlàyé ohun tó kà. Ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, ìgbà tí wọ́n sá Formula 1 níbẹ̀ kẹ́yìn ni 1993 ní Kyalami. Dátà ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń kà l'Ékòó báyìí, bí wọ́n ṣe ń jẹ epo, bí bírékì wọn ṣe ń jẹ, ohun tí mo kọ́ nítorí eré ìje náà ni mo fi ń ṣe é, sàtífíkéètì mechanical ló sì jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé mi wò.

Nítorí náà, ilé tí owó wà, tí kò ní ta nǹkan kan, tí ọmọ sì ti ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ tú nǹkan láti kékeré, ìlú ọba tààrà dáa fún un, torí ọdún iṣẹ́ yẹn. Ilé tó bá ní láti ta ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ Akọka, kó fi Sátidé lọ Ládípọ̀, kó kọ́ èdè Jámánì.

Ohun tí mo sọ fún ìyá yẹn nìyẹn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "tó bá wá di ìgbà máàsítà, ṣé ilẹ̀ yẹn á tó?" Mo ní Mà, ilẹ̀ Ìkòròdú ò tíì lọ sílẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, tó bá di ìgbà yẹn tó bá ní nǹkan mẹ́ta tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tó sì lè fi nọ́ńbà ṣàlàyé fún mi, èmi fúnra mi ni máa bá yín wá ẹni tó máa rà á.

Mo mú ọmọ náà lọ bá bọ̀dá mi ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, ó pè mí láàárín ariwo, ó ní ọ̀gá ń de bóòtù orí ẹ́ńjìnnì, àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún padà de gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan? Mo ní kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè tẹ́ dọ́gba ni, kó má bàa wú níbì kan. Ó ní ẹ ṣé sà, òun ti ya àwòrán wọn sínú ìwé, òun ti fi nọ́ńbà sí wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, 1 títí dé 10.